Abẹ́rẹ́ Àìdarúgbó Bọ̀ọ̀dá Mi

Ìgò náà kò tó àtàǹpàkò mi. Ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò ju iyọ̀ tí èèyàn lè fi jẹ ẹyin kan lọ. Rọ́bà ni wọ́n fi dé e lẹ́nu, wọ́n sì fi páànù búlúù yí rọ́bà náà ká. Mo wá awò ojú mi, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́, bíi pé kí ẹnikẹ́ni má rí i: fún ìwádìí nìkan, kì í ṣe fún ènìyàn. Mo kà á sókè ketekete fún bọ̀ọ̀dá mi, tó jókòó ní pálọ̀ mi ní Àgọ́-Ìwòyè, tó gbé kúlà kékeré lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Mo ti rí i," ni bọ̀ọ̀dá wí. "Dókítà ní nítorí àwọn aṣọ́bodè ni wọ́n ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Dókítà wo?"

"Èyí tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń tutù nini. Ó ní òun mọ̀ ẹ́. Ó ní ìwọ lo kọ́ òun níṣẹ́."

Lóòótọ́ ni mo kọ́ ọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní láàbù yunifásítì, iṣẹ́ mi sì ni kí n kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń wọn omi láìṣe èrú. Èyí tó di dókítà yìí wà lára àwọn tí mi ò lè gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kìlọ̀ fún un pé kó má fi ẹnu fa ásíìdì, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló fi ẹnu fà á, títí ètè rẹ̀ fi bó. Ọdún tó yẹ kó jáde kọ́ ló jáde, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá wọlé kọ́ ló sì bá jáde. Ṣùgbọ́n kóòtù funfun tó rán nígbà yẹn, kò sọ ọ́ nù. Kóòtù yẹn ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ títí di òní.

"Kí ló ní ó ń ṣe?" mo béèrè.

"Abẹ́rẹ́ àìdarúgbó ni," bọ̀ọ̀dá fèsì, kò sì rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe pé èèyàn ò ní dàgbà o. Ara ni kò ní tètè gbó. Pẹ́pítáìdì ni wọ́n ń pè é."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí pẹ́pítáìdì jẹ́, nítorí ẹni tó ń tà á kò mọ̀ ọ́n. Èròjà tí ara wa fi ń kọ́ ara rẹ̀, gígùn ni, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sí okùn. Bí ẹ bá gé díẹ̀ nínú okùn náà, ìlẹ̀kẹ̀ bíi mélòó kan tó ṣì so pọ̀, òun ni pẹ́pítáìdì. Ara fúnra rẹ̀ ń ṣe é, ó ń fi í jíṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ínsúlínì tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń gún wà lára irú rẹ̀, ẹ̀mí tó sì ti gbà là kò níye. Nítorí náà, kì í ṣe nǹkan náà gan-an ni mò ń bú. Àwọn onímọ̀ ń wádìí òmíràn nínú rẹ̀ bóyá ó lè fa ogbó sẹ́yìn, kó sì mú ẹ̀mí gùn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ eku ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gún un fún, bọ̀ọ̀dá mi kì í sì í ṣe eku. Láti ọ̀dọ̀ eku dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀nà ṣì jìn. Àwọn oníṣòwò ni kò lè dúró. Wọ́n ti gba ẹ̀yìn kùlé lọ dúró sí òpin ọ̀nà náà, wọ́n gbé POS dání.

Bó bá jẹ́ pé nítorí ẹwà ni bọ̀ọ̀dá ṣe fẹ́ ẹ, ǹ bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ǹ bá sì lé e padà sílé. Ìlú wa kò ṣaláì ní bàbá àgbà tó ń kun irùngbọ̀n dúdú. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tí bọ̀ọ̀dá ń sá fún, a kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Òde-Omi ló ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé nígbà náà, lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi gbogbo. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rọbí tí ọmọ kò wá, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ pé kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sì kú láàárín omi. Inú ọkọ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Kò ké, ó pẹ́ gan-an kó tó ké. Ọmọ ọ̀hún ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ó ga jù mí lọ, àmọ́ kò lè dá oúnjẹ gbé kaná, kò lè dá sọdá títì. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ. Bí ara bá ti ń ni ín níbì kan, á mú sáńdàlì rẹ̀ wá, á wí pé, "Yún," èyí tí í ṣe ká máa lọ ní èdè Ìjẹ̀bú wa. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbà fún láti di sáńdàlì náà mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rìn láìwọ bàtà kó tó gbà fún bàbá rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí bàbá yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀ láti dì í.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò le láti mọ̀: lọ́jọ́ tí bọ̀ọ̀dá bá kú, ta ni yóò mú ọmọ náà? Àwa márùn-ún ni ìyá wa bí, a kò sì béèrè rí. Ní ìdílé wa, a kì í pín ogún alààyè. Bí èèyàn bá kú tán, kí eruku sàréè tó rọlẹ̀, a ti mọ ẹni tó ni ilé, ẹni tó ni oko kòkó, ẹni tí yóò kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀. Àmọ́ lójú ayé rẹ̀, ẹnu kò gbọdọ̀ gbà á. Ìyàwó àbúrò wa kan ṣèèṣì dán an wò rí níbi ìpàdé ẹbí. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ṣé kò yẹ ká ti máa ronú nípa ọmọ bọ̀ọ̀dá?" Àǹtí wa tó ń ta páànù ní Ìlápòrú, tí wọ́n bí tẹ̀ lé bọ̀ọ̀dá, ta ìka yí orí ká, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé o fẹ́ pa á ni?" Gbogbo wa wí pé àmín, a gbàdúrà fún bọ̀ọ̀dá pé ẹ̀mí rẹ̀ á gùn, a sì kọjú sí jọ̀lọ́ọ̀fù. Ìyàwó yẹn kò sọ̀rọ̀ mọ́ ní ìpàdé wa.

Àǹtí ní òwe kan tó máa ń fi parí ọ̀rọ̀ náà bó bá ti fẹ́ gbérí. "Màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní ń bá a lé eṣinṣin." Òwe gidi ni, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí bó bá ti jẹ́ pé Ọlọ́run ló ń lé eṣinṣin, èmi lè jókòó kí n máa jẹ ẹran mi.

Ohun tó gbé bọ̀ọ̀dá wá sọ́dọ̀ mi kò ju méjì lọ. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, iná Ìjẹ̀bú-Igbó kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Èmi ní sólà lórí òrùlé, fìríìjì mi kì í kú. Èkejì, ìyẹ̀fun náà ní láti di omi kó tó ṣeé gún, ó sì fẹ́ ọwọ́ tó mọ́. Ó ní kí n máa pò ó fún òun, kí n fà á sí síríǹjì, òun á máa wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, òun á máa gún un síkùn láràárọ̀.

Mo kọ̀. Mo rán an létí pé kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n gé kókó kan tó ń hù ní abẹ́ àpò ìtọ̀ rẹ̀ kúrò, tí dókítà gidi, èyí tó kàwé, ní kó máa wá kí àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó bá ń pàṣẹ fún ẹran ara pé kó máa hù, kì í béèrè èyí tó dára àti èyí tó burú. Bọ̀ọ̀dá gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ó dáa," ló wí. "Dókítà ní bí o bá kọ̀, òun á máa bá mi pò ó."

Mo rí ètè bíbó yẹn lójú ọkàn mi. Mo rí i tí dókítà yẹn yóò fi omikómi, bóyá omi inú ọ̀rá, po abẹ́rẹ́ fún bọ̀ọ̀dá mi. Mo ní kó gbé kúlà náà fún mi.

Ohun tí mo ṣe rèé, mi ò ní fi bò. N kò pò ó. Mo to àwọn ìgò náà sí ẹ̀yìn fìríìjì pẹ̀lú páànù wọn lórí, mo lọ ra omi iyọ̀ ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, mo sì ń fa ìyẹn sí síríǹjì, méje méje fún ọ̀sẹ̀ kan. Omi iyọ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ńlá ni mo pe ara mi. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní pé tí bọ̀ọ̀dá á fi rí i pé kò ṣiṣẹ́, á sì fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ara rẹ̀ yá.

"Àbúrò mi, eékún mi!" ló fi wọlé lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó ní eékún tó ń ké tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oorun rẹ̀ ló dára. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun ń ka ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì láìlo awò. Mo wọ kíṣìnì lọ, mo gbá etí síǹkì mú, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá ilé-ìwé tó na gbogbo Òde-Omi nítorí ìṣirò, iyọ̀ àti omi ló sọ ọ́ di ọmọdé. Mo padà sí pálọ̀, mo fún un ní síríǹjì méje mìíràn, mo ní, "Ẹ kú oríire, bọ̀ọ̀dá." Mo gbádùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ gbọ́n ju bọ̀ọ̀dá mi lọ.

Dókítà gbọ́ nípa eékún náà, ó sì pe àpérò. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló háyà, bọ̀ọ̀dá sì ní dandan ni kí n tẹ̀ lé òun. Àwọn tó wá kì í ṣe òmùgọ̀, ìyẹn ló ń dùn mí. Àwọn pirinsípà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, alhájì kan tó ń ra kòkó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìyá ìjọ méjì àti adájọ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ nígbà kan rí. Àwọn tó jẹ́ pé, bí ẹ bá ta iṣu fún wọn, wọ́n á yí i po lẹ́ẹ̀méje kí wọ́n tó dá owó lé e. Wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé. Dókítà dìde nínú kóòtù funfun rẹ̀, ó ní ara ènìyàn kò yẹ kó gbó rárá, pé ìròyìn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní òun ti bá gbogbo ara sọ̀rọ̀. Bí òògùn kan ṣe wà fún awọ, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn wà fún iṣan, òmíràn fún ọpọlọ, òmíràn wà tí kò sọ ibi tó wà fún, àwọn ọkùnrin sì rẹ́rìn-ín wúyẹ́wúyẹ́.

Lẹ́yìn náà ló pe bọ̀ọ̀dá síwájú kó wá jẹ́rìí. Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ Áńgílíkà tí kì í jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ gan-an, gba makirofóònù. Ó ní òun gun òkè ilé òun láìsinmi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kí n pariwo ẹ̀rín. Ibẹ̀ ni dókítà ti rí mi.

"Ìyá wa ní láàbù rèé!" ló kígbe, ó sì dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì, kí kóòtù rẹ̀ má baà dọ̀tí. "Ẹ̀yin àgbà, ìyá yìí ló kọ́ mi. Àwọn fúnra wọn ló ń fi ọwọ́ ara wọn po òògùn bàbá. Àbí irọ́ ni mo pa, mà?"

Gbogbo gbọ̀ngàn yí ojú sí mi. Bọ̀ọ̀dá ń wò mí, inú rẹ̀ dùn, ó ń fi mí yangàn. Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá kọ iye tí kò wọ̀n sínú ìwé, olè ni. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì jókòó. Kí a tó kúrò níbẹ̀, alhájì oníkòkó àti ìyá ìjọ kan ti wà lórí ìlà, wọ́n fẹ́ rà.

Oṣù yẹn náà ni ìpàdé ẹbí bọ́ sí ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bọ̀ọ̀dá jókòó sí àga bàbá wa, ọmọ rẹ̀ wà ní igun níbi tó máa ń wà, ó ń to ìdérí míníràlì sórí ilẹ̀, pupa pẹ̀lú pupa, àwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọ̀ ewé. A ti ka ìwé ìpàdé tó kọjá tán. Àǹtí ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti gbọ́ ìròyìn eékún yín dé Ìlápòrú. Mo fẹ́ lọ gún tèmi náà. Ẹ mú mi yún ọ̀dọ̀ dókítà yè, dókítà yín yẹn."

Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un. Ó ṣàlàyé ìlẹ̀kẹ̀ àti okùn, bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un gẹ́lẹ́, ó sì fi kún un pé èmi ni òun fọkàn tán. Àbúrò wa ọkùnrin ní òun náà á bá wọn lọ. Mo wo gbogbo wọn bí wọ́n ṣe na ọrùn. Kì í ṣe àánú wọn ló mú kí n sọ̀rọ̀. Inú ló ń bí mi pé wọ́n gọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Omi iyọ̀ ni," mo wí.

"Èwo ni omi iyọ̀?" Àǹtí béèrè.

"Ohun tí bọ̀ọ̀dá ń gún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, n kò po ẹyọ kan. Gbogbo ìgò wọn wà nínú fìríìjì mi pẹ̀lú ìdérí. Omi iyọ̀ ló wo eékún sàn, omi iyọ̀ ló gun òkè ilé! Ẹ ṣáà lọ sí kíṣìnì, ẹ bu iyọ̀ tiyín."

Mo ti rò pé ẹnì kan á rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá mi gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí apá àga. Tí bọ̀ọ̀dá bá fi èdè Ìjẹ̀bú sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ Yorùbá inú ìwé bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, kí olúkúlùkù wá ibi sá sí.

"O ṣeun," ló wí. "O ṣeun tí o kò fi oró gún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan péré. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wọ inú ìpàdé yìí pẹ̀lú ọmọ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí ìpàdé bá ti parí, ẹ ó gbàdúrà fún mi pé kí ẹ̀mí mi gùn. N kò rí ohun mìíràn gbà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀mí gígùn nìkan ni ẹ ní fún mi, mo lọ wá a sí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín bá ti sọ fún mi pé, 'Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú nígbà tí ó bá wù yín, èmi yóò mú un,' kí ni ǹ bá fi abẹ́rẹ́ ṣe?"

Àǹtí la ẹnu. Mo rí i pé òwe màlúù ló ń bọ̀, òun náà sì gbọ́ bó ṣe fẹ́ dún, ó pa ẹnu dé. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́rin wà nínú pálọ̀ yẹn, yàtọ̀ sí bàbá ọmọ, olúkúlùkù ń wo ilẹ̀.

Ohùn tó ròkè ti ni ọmọ náà lára. Ó fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, ó mú sáńdàlì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gba àárín wa kọjá láìwo ẹnikẹ́ni, ó dúró síwájú bàbá rẹ̀.

"Yún," ló wí.

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó di apá àga mú, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, eékún rẹ̀ kọ̀, ó jókòó padà. Ó mí, ó tún gbìyànjú. Eékún tó ní abẹ́rẹ́ mi ti mú dákẹ́ kò dákẹ́ rárá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wọlé wá bá mi, tó ń sọ pé ara òun yá, èmi náà tí mo mọ̀ pé omi ni, mo rẹ́rìn-ín pé ó gbà á gbọ́. Kò sí ọjọ́ kan tí mo wo eékún náà. Kò lè gbà fún ara rẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́ ni, nítorí bí kò bá ṣiṣẹ́, ọmọ rẹ̀ ti wọ gàù.

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà, mo na ọwọ́ sí sáńdàlì. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Mo tún nà án, ó sún mọ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ àbúrò bàbá fún, n kò tilẹ̀ mọ ohun tí òun ń pè mí, nítorí kò pè mí rí. Níkẹyìn bọ̀ọ̀dá bá ilẹ̀ jókòó pátápátá, ó di sáńdàlì náà láti ibẹ̀, èmi àti àbúrò wa sì gbé e dìde ní apá. Wọ́n lọ sílé. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà ẹ̀mí gígùn lọ́jọ́ náà.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo sọ fún un níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé omi ni mo fún bọ̀ọ̀dá, pé kó lọ sọ fún gbogbo àwọn tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Alhájì náà wà níbẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Dókítà kò mira. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mà, bí omi lásán bá ṣe bàbá dáadáa tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tí ojúlówó á ṣe." Obìnrin kan tó jókòó ti fìríìjì rẹ̀ ní òótọ́ ni. Mo wo kóòtù funfun yẹn, mo rántí pé ní ọdún tó kọ́kọ́ wọ láàbù mi, èmi ni mo bá a mú ìwọ̀n rẹ̀ ní ilé aránṣọ.

Láti ibẹ̀ mo lọ sílé bọ̀ọ̀dá. Ó ń bó ẹ̀wà lábẹ́ igi máńgòrò, kò kí mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí omi náà, ó ní ìyẹn ti kọjá. Ó ku ọ̀rọ̀ kejì, ó sì wúwo lẹ́nu mi ju ìyẹn lọ. Bí ìyá wa bá wà láàyè, á gbá mi lẹ́nu fún un.

"Bọ̀ọ̀dá," mo wí, "ẹ kú nígbà tó bá wù yín. Èmi á mú un."

Ó bó ẹ̀wà bíi mẹ́ta mẹ́rin. "Ọmọ yè kì í ṣe ẹrù," ló wí. "Kò sẹ́ni tó lè mú un bẹ́ẹ̀ yẹn. Kọ́kọ́ wá mọ̀ ọ́n."

Sátidé tí bọ̀ọ̀dá fi ń wá gbé síríǹjì, èmi ni mò ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó báyìí. Mo da ìyẹ̀fun dókítà nù sínú ṣáláńgá, mo gba àyè rẹ̀ nínú fìríìjì fún ìkọ́kọrẹ́ tí mò ń gbé lọ fún wọn. Bọ̀ọ̀dá ti padà sọ́dọ̀ àwọn tó gé kókó rẹ̀, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òun àti eékún rẹ̀ jọ ń ké. Èmi ń jókòó sílẹ̀ nígun pẹ̀lú ọmọ náà, mò ń to ìdérí míníràlì, bí mo bá sì fi pupa sáàárín àwọ̀ ewé, á yọ ọ́ kúrò, á wò mí bí mo ṣe máa ń wo àwọn tó ń fi ẹnu fa ásíìdì. Bó bá mú sáńdàlì wá, mo máa ń kúnlẹ̀. Fún oṣù mẹ́rin, ó ń fa ẹsẹ̀ wọ abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, bàbá rẹ̀ sì ń wá bá ilẹ̀ jókòó.

Sátidé tó kọjá, mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́, mo ń retí kó fà á. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí, ó na ẹsẹ̀ òsì sí mi. Mo dì í, n kò sì tètè rí ihò ìdè náà. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí ọ̀tún, ó fà á sẹ́yìn, ó gbé e lé itan bàbá rẹ̀.